Ẹni Tó Ń Wò Ó Kọ́ Ló Ń Sanwó

Apàlọ́ kì í gbé ojú kúrò lára àwọn ọmọ tó jókòó tì í. Bí "Àlọ̀!" tí wọ́n fi dá a lóhùn ò bá ta sókè, ó ti mọ̀ pé oorun ti ń kun àwọn kan. Kíá, á fi orin sí i, tàbí kó jẹ́ kí Ìjàpá tún dá àrà míì. Tẹlifíṣọ̀n ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ètò wà ní sitúdíò, ọmọ wà nílé. Kò sí bó ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ ń wò ó tàbí ó ti sáré lọ síta. Wàhálà míì tún wà ńbẹ̀ tó le jùyẹn lọ. Ọmọ tó ń wò ó ò ní kọ́bọ̀ lápò. Ẹlòmíì ló máa sanwó, ẹni tó bá sì sanwó ní nǹkan tí òun náà ń wá.

Bí Sesame Street ṣe bá wàhálà méjèèjì yìí wọ̀yá ìjà láti 1966 títí di òní, ìtàn tó yẹ kí àwa tá a fẹ́ràn katúùnù Yorùbá mọ̀ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 1966, Joan Ganz Cooney, tó ń ṣe fíìmù fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní New York, pe àwọn èèyàn wá jẹun alẹ́ nílé ẹ̀. Lloyd Morrisett, òṣìṣẹ́ Carnegie Corporation, wà lára wọn. Ọmọ Morrisett, tí ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, máa ń jí ní ìdájí lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí ètò kankan tó bẹ̀rẹ̀ rárá, á máa wo àmì lásán. Gbogbo orin ìpolówó ọjà ló mọ̀ lórí. Ni bàbá ẹ̀ bá béèrè lọ́wọ́ Cooney pé: ṣé nǹkan yìí ò wá lè kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́? Àwọn ọmọ tálákà ló wà lọ́kàn wọn, pàápàá ọmọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìgboro Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wọ iléèwé nígbà tí ọmọ olówó ti mọ lẹ́tà àti nọ́ńbà látilé.

Wọ́n rí mílíọ̀nù 8 dọ́là kó jọ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, Carnegie àti Ford Foundation, wọ́n sì dá Children's Television Workshop sílẹ̀ ní 1968. Owó ńlá nìyẹn láyé ìgbà náà. Ohun tí wọ́n fi ṣe gan-an ló wù mí: wọ́n kó olùkọ́, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé àti òǹkọ̀wé apanilẹ́rìn-ín sínú yàrá kan náà, wọ́n ní kí wọ́n jọ gbà.

Edward Palmer ló ń darí ìwádìí. Òun ló bá tẹlifíṣọ̀n wá ojú apàlọ́. Á gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú ọmọ kan, á wá gbé ẹ̀rọ míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń gbé àwòrán tuntun jáde ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹnì kan á jókòó, á máa kọ ọ́ sílẹ̀: ibo lọmọ ń wò báyìí? Apá tí ojú ọmọ bá ti kúrò lórí ètò, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀ nìyẹn. Òǹkọ̀wé lè bínú bó ṣe fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ ojú àánú.

Ní oṣù keje 1969, wọ́n gbé ètò márùn-ún lọ dán wò ní Philadelphia. Àwọn onímọ̀ ti kìlọ̀ pé ẹ má da ọmọlángidi pọ̀ mọ́ èèyàn, kó má baà da ọmọ lórí rú. Nítorí náà èèyàn nìkan ló wà ní àdúgbò inú ètò náà. Bí ọmọlángidi bá jáde, àwọn ọmọ á wò ó. Bó bá kan èèyàn, ojú wọn á lọ síbòmíì. Àdúgbò yẹn sì ni òpó ètò náà! Wọ́n pa ìmọ̀ràn àwọn ọ̀mọ̀wé tì, wọ́n ní kí Jim Henson ṣe ọmọlángidi tó máa bá èèyàn gbé. Bí wọ́n ṣe bí Big Bird nìyẹn, àti Oscar tó ń gbé inú garawa ìdalẹ̀nù. Ètò náà jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mississippi kọ̀ láti gbé e sáfẹ́fẹ́ torí pé dúdú àti funfun ń ṣeré pọ̀ nínú ẹ̀; ìròyìn jáde, ojú tì wọ́n, kò pé oṣù kan tí wọ́n fi yí ohùn padà.

Ọ̀rọ̀ owó ni kò yí ohùn padà ní tiẹ̀. Wọn ò fẹ́ ìpolówó ọjà láàárín ètò, owó ìjọba sì ń dín kù, nítorí náà wọ́n bọ́ sórí ìwé àti bèbí. Àmọ́ Henson ló ni àwọn ọmọlángidi ẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ra ilé iṣẹ́ Henson ní 2000, Workshop ní láti sanwó kí àwọn tó gba Big Bird àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yàwòrán fún èèyàn, ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa o.

Ní 2015, wọ́n tọ HBO lọ. HBO á sanwó, ètò tuntun á kúrò ní 18 lọ́dún, á di 35, ṣùgbọ́n HBO ló máa kọ́kọ́ gbé e jáde. Ó di oṣù mẹ́sàn-án kó tó dé PBS tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo mọ̀ pé ọrùn ń dùn wọ́n. Síbẹ̀, ọmọ tálákà tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ gan-an ló wá ń jẹ àjẹkù nígbà yẹn.

Àwa náà tọ́ ọ wò. Sesame Square bẹ̀rẹ̀ lórí NTA ní 2010, ó sì ní Zobi, awakọ̀ takisí tó fẹ́ràn iṣu bí alábisikíìtì ti Amẹ́ríkà ṣe fẹ́ràn bisikíìtì. Iṣu yẹn dáa gan-an. USAID ló sanwó ẹ̀ o, Gẹ̀ẹ́sì ni Zobi sì ń sọ. USAID náà ti kógbá sílé ní 2025.

Àwọn kan gbé e lé ara wọn lọ́wọ́. Adamu Waziri àti ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní Abuja ṣe Bino and Fino, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà, ó sì ti jáde ní Yorùbá náà. Orí YouTube ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí wà báyìí. Ní 2019, Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 170 dọ́là lé Google lórí pé YouTube ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọdé jọ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ òbí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti 2020, ìpolówó tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń wò ó kiri, èyí tó ń mówó wọlé jù, ti kúrò lórí fídíò ọmọdé. Wọ́n tún ti ibi tí èèyàn ti ń fèsì pa. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta yàwòrán Ìjàpá ń gba owó tó kéré, kò sì gbọ́ "Àlọ̀!" kankan.

Ohun tó kù fún un ni àwòrán ìlà kan tí YouTube ń fi hàn án, tó ń sọ ìṣẹ́jú tí àwọn òǹwòran kúrò. Ó jọ ẹ̀rọ Palmer díẹ̀. Àmọ́ ìlà yẹn kì í sọ bóyá ó ti sú ọmọ ni, àbí màmá ẹ̀ ló gba fóònù ẹ̀ padà.