Ìbọ̀sẹ̀ Ọmọdé

Ohun tí ó kéré, tí ó sì wọ́pọ̀, kì í sábà rí òpìtàn. Ìtàn àwọn ọba ń bẹ, ìtàn ogun ń bẹ, ti ọkọ̀ òkun àti ti wúrà kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni í bèèrè ìtàn ìbọ̀sẹ̀? Ọmọ a wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ìwé, yóò já ní gìgísẹ̀, a ó sì sọ ọ́ nù. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá lè mọ ẹni tí ó fi ọwọ́ hun ìbọ̀sẹ̀ kan, tí a mọ ẹsẹ̀ tí ó hun ún fún, tí a sì mọ ìgbà tí ó ráyè hun ún, a ti mọ púpọ̀ nínú bí ayé ẹni náà ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Íjíbítì. Ní ọdún 130 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Hadrian, ọba Róòmù, tẹ ìlú kan dó sí etí odò Náílì. Ó pè é ní Antinoopolis, ní ìrántí Antinous, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn, tí ó kú sínú odò náà. Ìlú ọ̀hún ti di ahoro tipẹ́tipẹ́. Láàárín ọdún 1913 sí 1914, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, John Johnson, lọ wú ilẹ̀ níbẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni ó ń wá. Ààtàn sì ni irú àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ máa ń tú, nítorí pé nínú ààtàn ilẹ̀ Íjíbítì ni a ti máa ń rí àjákù ìwé, títí kan èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ayé àtijọ́ fi kọ́ bí a ti ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì. Lára ohun tí a hú jáde nínú ààtàn Antinoopolis ni ìbọ̀sẹ̀ kan, ti ẹsẹ̀ òsì, ti ọmọ kékeré.

Ìbọ̀sẹ̀ náà wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ó ti tó nǹkan bí 1,700 ọdún. Òwú irun àgùntàn ni a fi ṣe é, ó sì ní ilà aláwọ̀ oríṣiríṣi yí ká. A ya àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, a sì kó ìka mẹ́rin yòókù pọ̀ sí ojú kan, kí okùn sálúbàtà lè rí ọ̀nà gbà kọjá. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kéde ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tan oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ láìgé òwú kan kúrò lára rẹ̀: gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí, aró mẹ́ta péré ni a fi rẹ wọ́n. Pupa ti ara gbòǹgbò ewéko kan wá, yẹ́lò ti ara ewéko kejì, aró dúdú sì ti ara ewé ẹ̀kẹta. A pò wọ́n mọ́ra, a sì rẹ ọ̀kan lé èkejì, àwọ̀ mìíràn sì jáde. (Ohun tí ń mú ewé kẹta yìí ṣe aró náà ni ó wà nínú ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, bí ewéko méjèèjì kò tilẹ̀ bá ara wọn tan.)

Ẹ rò ó wò. Ẹsẹ̀ ọmọdé kì í dúró sójú kan. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, ìbọ̀sẹ̀ náà yóò ti há. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò fi àwọ̀ kan ṣoṣo ṣe é tán kí ó lọ sùn. Ó fi ilà sí i. Ilà náà kò fi ooru kún un. Ojú ọmọ nìkan ni a fi ṣe é fún.

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ olójú, ni a fi ṣe ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀nà mìíràn ni híhun tí àwọn ọmọbìnrin yín ń kọ́ nínú iṣẹ́ ọwọ́. Èyí ń fẹ́ abẹ́rẹ́ gígùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sì kọjá kí a tó rí ìdánilójú rẹ̀. Ilẹ̀ Íjíbítì kan náà ni a tún ti rí i, lórí àwọn ìbọ̀sẹ̀ olówùú tí a fi aró àti funfun hun, láyé àwọn Mùsùlùmí. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dé ilẹ̀ Spéènì àti ìyókù Yúróòpù.

Ẹni tí kò hun ìbọ̀sẹ̀ rí kò lè mọ ibi tí ìṣòro wà. Apá tí ń bo ojúgun kò le: a ó kó ojóbó sórí abẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a ó fi ọ̀kan sí i máa fa ojóbó kan gba inú òmíràn, a ó sì máa yí i po bí ẹni ń hun agbọ̀n. Gìgísẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹsẹ̀ kì í ṣe igi gbọọrọ. Ó ṣẹ́ ní gìgísẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a ṣẹ́. Ahunṣọ yóò dá ìdajì ojóbó rẹ̀ dúró, yóò máa hun ìdajì kejì lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Yóò sì máa dín in kù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi di àpò kékeré tí gìgísẹ̀ yóò jókòó sí. Nígbà náà ni yóò tó kó gbogbo ojóbó jọ padà, tí yóò sì kọjú sí ọmọ-ìka. Bí ó bá ṣi ojóbó kan kà, ìbọ̀sẹ̀ yóò máa ṣẹ́ po nínú bàtà, ẹsẹ̀ ọmọ yóò sì bó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tutù, àgùntàn sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, híhun ìbọ̀sẹ̀ ti di oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ tálákà níbẹ̀, àtọkùnrin àtobìnrin. Iṣẹ́ tí a lè ṣe bí a ti ń rìn lọ ni, tí a lè ṣe bí a ti ń da ẹran, tí a sì lè ṣe lálẹ́ nídìí iná láìtan fìtílà. Ní ọdún 1589, àlùfáà kan, William Lee, ará Calverton ní ẹkùn Nottingham, ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ó wá àṣẹ lọ́dọ̀ Ọbabìnrin Elizabeth, ọbabìnrin kò sì fún un. Ìtàn tí a ń sọ ni pé ó ní ẹ̀rọ náà yóò sọ àwọn tálákà tí ń fi ọwọ́ hun di alágbe. Lee kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, Ọba Henry Kẹrin sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gún ọba náà pa ní ọdún 1610, Lee náà sì kú sí àjò. Àbúrò rẹ̀ ni ó kó ẹ̀rọ náà padà sílé. Èmi kò lè dá ọbabìnrin náà lẹ́bi pátápátá, nítorí pé ebi kì í dúró de ọgbọ́n tuntun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń dáàbò bò yìí, ọwọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Láyé ọbabìnrin yìí kan náà ni àwọn ìlú bí York àti Lincoln dá ilé-ẹ̀kọ́ ìhunbọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tálákà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín. A kò fi ìwé kíkà ṣe pàtàkì níbẹ̀. Àfi kí ọwọ́ tètè yá, kí ọmọ lè tètè bọ́ ara rẹ̀, kí ó má baà di ẹrù ìlú.

Ní ìhà àríwá, láàárín àwọn òkè, ìletò kan wà tí ń jẹ́ Dent. Òkìkí àwọn ará ibẹ̀ kàn nínú híhun. Lálẹ́, wọn a péjọ sí ilé ẹnìkan, kí wọn lè yá iná kan ṣoṣo pọ̀. Wọn a máa hun, wọn a máa pa ìtàn, wọn a máa kọrin. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé akéwì Robert Southey kan tí ń jẹ́ The Doctor, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1834, a rí ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbàlagbà kan sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n rán òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin láti Langdale lọ sí Dent láti kọ́ṣẹ́ híhun. Òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ kéré sí i. Ní òwúrọ̀ ni a ti ń díwọ̀n iṣẹ́ ọjọ́ fún wọn. Bí wọn kò bá sì parí rẹ̀, kò sí oúnjẹ ọ̀sán. Àárò ilé ń sọ wọ́n. Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, àwọn méjèèjì sá. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú nínú òtútù, wọ́n gba Sedbergh, wọ́n gba Kendal, ìrìn tí ó tó ọgbọ̀n máìlì, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ìyá wọn.

Ọjọ́ pẹ́ kí òfin tó bá irú wọn dé. Ní ọdún 1870 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ọmọ. Ní ọdún 1880 ni ó tó sọ ọ́ di dandan fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ní ọdún 1891 ni ọ̀pọ̀ jù lọ bọ́ lọ́wọ́ owó ilé-ìwé. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Ọmọ tí ì bá máa hun ìbọ̀sẹ̀ fún ọlọ́jà láti àárọ̀ di alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ hun, ó sì ń gba ilé-ìwé lọ.

Ní tiwa, aṣọ híhun kì í ṣe àjèjì. Òfì wa ti wà kí òyìnbó tó dé. Ìbọ̀sẹ̀ ni kò sí. Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì ni ó mú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tiwọn wá, bí Anna Hinderer, tí òun àti ọkọ rẹ̀ David dé Ìbàdàn ní ọdún 1853. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, láyé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi lọ nínú ọyẹ́. A ní kí ọmọ gbé ọwọ́ rẹ̀ gba orí kọjá. Bí ó bá kan etí kejì, ó tó ilé-ìwé. Kò sí ẹni tí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi wá ìtàn yìí nìyí. Kí n tó fẹ̀yìntì, ní ilé-ìwé kan tí mo ti jẹ́ ọ̀gá, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí oorun kò fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nà án fún un. Ní oṣù Kẹsàn-án, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Òjò ń rọ̀, ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni ọmọ náà wọ̀, aláwọ̀ bí márùn-ún, ilà lórí ilà. Òfin wa ni ìbọ̀sẹ̀ funfun. Mo ní kí ó bọ́ ọ. Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo hun ún fún un."

Mo bi í léèrè ìgbà tí ó ráyè hun ún.

"Lóru ni, sà, bí mo bá ti parí ti Màmá."

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ pé obìnrin tí wọ́n fi wọ́n sí lọ́dọ̀ a máa ta fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, àti pé ọmọ yìí ni ahunṣọ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni iye rẹ̀ lálẹ́, wáyà kẹ̀kẹ́ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àjẹkù òwú Màmá ni ó ń ṣà pamọ́ láti inú oṣù Kẹfà, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọ̀ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá obìnrin náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Opó ni, òwò náà sì ni ó ń bọ́ gbogbo wọn. A jọ sọ ọ́ pẹ́. Ó gbà pé kí iṣẹ́ máa parí ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò sì mú ìlérí náà ṣẹ ní gbogbo ìgbà. Ọmọbìnrin náà ṣì máa ń tòògbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N kò nà án mọ́. Mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì rẹ̀, nítorí pé níwájú wọn ni mo ti nà án.

Àbúrò rẹ̀ tún wọ ìbọ̀sẹ̀ náà ní ọjọ́ kejì. Mo ti sọ fún àwọn olùkọ́ kí wọn má ṣe bá a wí. Ti òsì gùn díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ méjèèjì jókòó dáadáa. Ó ń wọ̀ ọ́ títí di ìgbà ọyẹ́, títí ọmọ-ìka fi yọ síta.