Bí Ojú Ọmọ Ṣe Ń Kọ́ Ẹ̀kọ́



Ẹ jẹ́ kí á rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà. Bóyá olùkọ́ fi àwòrán kan hàn wá. Ọkùnrin kan dúró níwájú. Ilé kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé náà sì kéré ju ọkùnrin náà lọ. Bóyá ẹnì kan béèrè pé: "Irú ilé wo nìyí, tí olówó rẹ̀ kò lè wọ̀?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú rẹ̀ kò tíì kọ́ àwòrán ni. Lónìí, a ó sọ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe rí i pé ojú pẹ̀lú ń kọ́ ẹ̀kọ́, láti ìgbà tí a bá ti bí ọmọ.

Kí ni ọmọ tuntun ń rí?

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òyìnbó rò pé ọmọ tuntun kò rí ohun kan tó ní ìtumọ̀. Ní ọdún 1890, ará Amẹ́ríkà kan, William James, kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo ayé dàrú pọ̀ lójú ọmọ tuntun. Ta ni yóò já a nírọ́? Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ ohun tó rí.

Ará Amẹ́ríkà mìíràn, Robert Fantz, ló wá ọgbọ́n sí i. Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kí ó dojú kọ òkè. Ó gbé àwòrán méjì sókè orí rẹ̀, ó sì ń yọjú wò ó láti inú ihò kékeré kan. Àwòrán tí ọmọ bá ń wò máa ń hàn nínú ẹyinjú rẹ̀, bí ojú wa ṣe ń hàn nínú omi. Fantz wá ń ka bí ọmọ ṣe pẹ́ tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1963, ó fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 5 láyé máa ń wo àwòrán tó ní ilà àti àmì pẹ́ ju ohun tí kò ní nǹkan kan lára lọ. Nítorí náà, kí á tó sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ó ti ń yan ohun tí yóò wò. Ohun tó wà nítòsí ló sì ń rí jù: bí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń mu ọmú.

Ọmọ tó ń rákò ńkọ́?

Ní ọdún 1960, Eleanor Gibson àti Richard Walk kan tábìlì gíga kan, wọ́n fi gíláàsì tó nípọn bò ó. Ní apá kan, gíláàsì náà dà bí ilẹ̀ lásán. Ní apá kejì, ó dà bí ọ̀gbun. Wọ́n gbé ọmọ 36 sí àárín rẹ̀, ìyá wọn sì ń pè wọ́n. Ọmọ 27 rákò lọ sí apá tó dà bí ilẹ̀. Ọmọ 3 péré ló gun orí ọ̀gbun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti mọ ibi tó jìn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń yípo, ara wọn a máa yọ̀ lọ sórí ọ̀gbun náà. Ẹ̀yin ará, ẹ bo kànga yín!

Erin tó wà nínú àwòrán

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á mọ ọ̀gbun, ọ̀tọ̀ ni kí á mọ àwòrán. Ní ọdún 1960 kan náà, William Hudson kọ̀wé nípa àwòrán tó fi han àwọn ènìyàn ní Gúúsù Áfíríkà. Ọdẹ kan di ọ̀kọ̀ mú, ẹran ìgbẹ́ kan wà níwájú rẹ̀. Lókèèrè, erin kan dúró lórí òkè. Nítorí pé ó jìnnà, wọ́n yà á ní kékeré, ó sì bọ́ sí àárín ọdẹ àti ẹran. Wọ́n béèrè pé: èwo ló sún mọ́ ọdẹ jù? Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lọ sí ilé-ìwé dáhùn pé erin ni.

Alastair Mundy-Castle fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn ọmọdé ní Gánà, ó sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí i pé erin náà jìnnà. Ó wádìí ilé wọn. Kò rí i pé wọ́n ń ka ìwé níbẹ̀, tàbí pé wọ́n ń ya àwòrán. Lẹ́yìn náà, ọ̀mọ̀wé yìí wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, tí kò jìnnà sí wa.

Àwọn kan fi irú ìwádìí báyìí sọ pé ọpọlọ àwa adúláwọ̀ kò pé. Irọ́ ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn òyìnbó tí kò kàwé pẹ̀lú ṣi àwòrán náà mọ̀. Ẹ wo ọdẹ ilẹ̀ wa: bí ó bá rí ẹran lókèèrè, ǹjẹ́ ó máa ń rò pé eku ni? Rárá. Àwòrán dà bí lẹ́tà inú ìwé. Ẹni tí a bá kọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Ojú tí kò rí nǹkan kọ́

David Hubel àti Torsten Wiesel di ojú kan ọmọ ológbò fún oṣù mélòó kan, láàárín ọdún 1960 sí 1970. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ojú náà mọ́ rekete, ṣùgbọ́n kò ríran dáadáa mọ́. Ọpọlọ kò kọ́ bí a ṣe ń fi ojú yẹn ríran. Nígbà tí wọ́n di ojú àgbà ológbò, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1981. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ènìyàn. Bí ẹ bá rí funfun nínú ẹyinjú ọmọ yín, ẹ má ṣe sọ pé nígbà tó bá dàgbà, yóò lọ. Ẹ má ṣe kán àgbo sí i. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí pé ìgbà èwe ni ojú ń kọ́ ìríran.

Àtikékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Ẹ máa wo ojú ọmọ yín, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ nàka sí ewúrẹ́, kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀. Ẹ fi igi ya ẹyẹ sórí iyanrìn. Ìwé tí ẹ ń kà yìí, ẹ ṣí i níwájú ọmọ, kí ẹ jọ wo àwòrán inú rẹ̀. Ohun tí ojú tiwa kọ́ ní àgbà, ojú tiwọn yóò kọ́ ọ ní èwe.

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò

1. Báwo ni Fantz ṣe mọ ohun tí ọmọ tuntun ń wò?
2. Kí ló dé tí àwọn ọmọ Gánà kò fi rí i pé erin náà jìnnà?
3. Àwòrán wo ni ọmọ lè rí nínú ilé yín?