Ilé Sinimá Àdúgbò: Nígbà Tí Gbogbo Ìlú Ń Wo Ohun Kan Náà

Bí ọdún bá dé, tọmọdé tàgbà ni í péjọ sójú agbo. Kò sí ẹni tí í dá wo eré ọdún nínú yàrá. Irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ni ilé sinimá àdúgbò náà jẹ́ nígbà kan rí ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ ohun tó gbé e ró àti ohun tó wó o.

Láyé Dahomey, ọ̀pọ̀ ilé sinimá ni kò ní òrùlé. Wọ́n á mọ ògiri yí ilẹ̀ ká, wọ́n á kun apá kan ní funfun, àwòrán á sì máa hàn lára rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí òjò bá dé, eré tú ká nìyẹn. Fíìmù Amẹ́ríkà, ti Faransé àti ti Íńdíà ló pọ̀ jù. Ẹni tó gbọ́ Faransé á máa túmọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́, gbogbo èrò á sì máa pariwo kí akọni inú fíìmù má bàa kó sọ́wọ́ ọ̀tá.

Àdúgbò ló ni ariwo, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni fíìmù. Iléeṣẹ́ méjì, COMACICO àti SECMA, ló ń pín fíìmù káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ohun tí wọ́n bá gbé wá ni aráàlú ń wò. Láti 1934 ni òfin Laval sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀nyí láìgba àṣẹ. Ìdí nìyí tí Paulin Vieyra, ọmọ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1925, fi ya Afrique-sur-Seine pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 1955.

Ní 1970, ìjọba Haute-Volta, tí í ṣe Burkina Faso lónìí, gba àwọn ilé sinimá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà. Nígbà ìjọba Kérékou, Benin náà dá iléeṣẹ́ sinimá tirẹ̀ sílẹ̀, OBECI. Ní Nàìjíríà, Àjàní Ògún jáde ní 1976, Ayé ti Hubert Ogunde sì tẹ̀ lé e ní 1979. Àwọn eléré tìkára wọn ló ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú, tí Yorùbá fi ń gbọ́ èdè ara rẹ̀ lára aṣọ funfun.

Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò wọlé. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé iye sefa sí ìdajì, ohun tó ti òkè òkun wá sì wọ́n gógó. Àwọn ilé sinimá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan: òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí.

Síbẹ̀ àpéjọ kò kú. Yàrá fídíò kékeré rọ́pò ilé ńlá: tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ amúnáwá kan, àga gígùn mélòó kan. Láti 2001 ni Cinéma Numérique Ambulant náà ti ń fi ọkọ̀ gbé aṣọ funfun àti ẹ̀rọ lọ sí àwọn abúlé Benin, tí wọ́n ń ṣí fíìmù Áfíríkà lálẹ́ níta gbangba.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe kedere. Ẹ̀rọ lè yí padà, àpéjọ ni ìpìlẹ̀. Lónìí, fóònù ti fún olúkúlùkù ní sinimá tirẹ̀, kálukú sì ń dá wò ó. Ní Bassila àti Manigri, níbi tí Anii, Nàgó àti àwọn èdè mìíràn jọ ń gbé, ibi tí gbogbo wọn lè jọ rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà kì í ṣe ohun kékeré. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù wọn gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àwòrán tó ń rìn. Kí àwọn aláṣẹ kọ́múùnù náà wá ilẹ̀ kan àti ògiri funfun kan fún ìlú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.