Ọ̀nà Tó Já Èkó láti Port Harcourt

Nígbà tí Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, sọ èbúté tuntun etí odò Bonny ní 1913, èédú Enugu ló wà lọ́kàn ìjọba, kì í ṣe ìrìn-àjò Èkó. Ìdí nìyí tí ojú irin tí wọ́n là dé Enugu ní 1916 fi kọjú sí àríwá, débi pé, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí afárá Makurdi ní 1932 pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ wọ rélùwéè dé Èkó ní láti gòkè lọ sí Kaduna ná, kó tó sọ̀ kalẹ̀ gba Minna, Jebba àti Ìbàdàn. Ìyípo ńlá gbáà! Ara kò tu onímọ́tò náà, nítorí pé títí wọ́n fi parí afárá Onitsha ní 1965, ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ ló ń gbé mọ́tò àti èrò sọdá Odò Ọya.

Bàálù ló gé ọ̀nà náà kúrú. Ní òfuurufú, nǹkan bí 440 kìlómítà ni, tí bàálù ń fò ní bíi wákàtí kan, nígbà tí títì ń gba nǹkan bí 600. Ṣùgbọ́n Omagwa, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt wà, kì í ṣe àárín ìlú, wákàtí kan yẹn kò sì ka ìrìn ojú títì mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ náà pa fún àtúnṣe ní 2006, Owerri ni ọ̀pọ̀ èrò ń balẹ̀ sí, tí wọ́n á tún wọkọ̀ wá sí Port Harcourt, títí di oṣù Kejìlá 2007.