Òtílí

Òtílí (orúkọ sáyẹ́ǹsì: Cajanus cajan) jẹ́ irúgbìn kan nínú ẹbí ẹ̀wà. Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní àwọn ìlú olókè Èkìtì. Igi kékeré tí ń fara da ọ̀dá ni. Purotéènì inú èso gbígbẹ rẹ̀ lé ní ìdá 20 nínú 100. Ó sì ní lysine, èyí tí kò tó nínú àgbàdo, nítorí náà àwọn méjèèjì bá ara wọn mu dáadáa. Ohun tí ó ń lé e kúrò nínú ìkòkò ni pé kì í tètè jinná: bí a tilẹ̀ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ó ṣì ń jẹ igi ìdáná ju ẹ̀wà lọ. Ní Agége àti Ìkẹjà, níbi tí a ti ń fi owó ra gáàsì, ẹ̀wà Òkè Ọya ni àwọn ènìyàn sábà máa ń rà.