Gáàsì Kì Í Tán

Ọdún mẹ́ta ni mo fi san owó gáàsì lórí ẹ̀rọ amúlétutù kan náà, nínú yàrá kan náà, ní Sùúrùlérè. Bí oṣù kejì bá ti wọlé, tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í han ọmọ Èkó ní èèmọ̀, tí ẹ̀rọ náà sì ń fẹ́ atẹ́gùn lásán bíi fáànù, mo máa ń ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe láti Ìdí-Òró ní Mùṣín. Yóò gun àkàbà, yóò so géèjì mọ́ ọn, yóò sì yíjú sí mi: "Dádì, gáàsì yín ti tán o." Èmi náà á ní, "Ẹ̀ńjíníà, bá mi rọ òmíràn sí i." Mo san án lẹ́ẹ̀kíní, mo san án lẹ́ẹ̀kejì, mo san án lẹ́ẹ̀kẹta. "Tán" yẹn, ọ̀rọ̀ sílébù kan péré, ló ń gba owó lápò mi.

Gáàsì inú amúlétutù kì í tán. Ti ìdáná ló ń tán, torí iná ń jó o. Ti amúlétutù wà nínú páìpù tí a dí pa, ibẹ̀ ló sì ti ń yí po láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ ògiri. Nínú yàrá, á hó láìdúró de iná, á sì máa fa ooru yàrá mọ́ra bó ṣe ń hó. Ní ìta, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀ títí á fi gbóná ju òde lọ, fáànù á fẹ́ ooru náà dànù, gáàsì á padà di omi, á tún forí lé yàrá. Ẹni tó bá ti ná ọjà Ojúwòyè rí mọ irú iṣẹ́ yìí: iṣẹ́ alábàárù ni. Ó gbé ẹrù níbí, ó sọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, ó padà wá gbé òmíràn. Ta ló gbọ́ ọ rí pé alábàárù tán nítorí pé ó rẹrù? Bí ẹ kò bá rí i mọ́, ó gba ibì kan lọ ni. Gáàsì tó bá dín, ó jò ni. Ní ọdún kẹrin, ẹlòmíràn ló wá. Kó tó fọwọ́ kan ìgò gáàsì, ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi ìhó rẹ̀ pa oríkèé páìpù tó wà níta, ìhó náà sì ń wú, ó ń bẹ́. Ó gé ẹnu páìpù yẹn, ó tún un ṣe, ó dè é le, ó wá rọ gáàsì. Láti ìgbà náà, n kò san owó gáàsì mọ́.

N kò pe ẹni àkọ́kọ́ ní olè. Èdè tí a fi lé e lọ́wọ́ ló tàn án, òun náà ló tan èmi. A yá "gáàsì" lọ́wọ́ Òyìnbó, a fi pe ti ìdáná, a tún fi pe ti amúlétutù, ìwà ọ̀kan sì ran èkejì. Ohun tó ń bí mi nínú sí àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nìyí: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pa èèyàn lára, a kì í sí níbẹ̀, ibi tí kò sí wàhálà la ti ń kọ́ ilé alájà méje. Ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n tú sí Yorùbá fún àwọn tó ra ẹ̀rọ náà. Wọ́n pe asẹ́ rẹ̀ ní "ohun-èlò adènà-ìdọ̀tí-inú-afẹ́fẹ́", wọ́n pe amúlétutù fúnra rẹ̀ ní "ẹ̀rọ amú-afẹ́fẹ́-inú-yàrá-wà-ní-ìwọ̀n-tó-yẹ". Orúkọ la bi wọ́n, ìtàn ni wọ́n sọ.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí kò gba àròjinlẹ̀ kankan. Rìmótì ni rìmótì. Páìpù, fáànù, wáyà, géèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀, wọ́n ti di ọmọ ilé. Èyí tó wà nínú yàrá ni ti inú, èyí tó wà lóde ni ti ìta. HP tí àwọn ọlọ́jà ń pè, agbára ẹṣin ni, ẹyọ kan sì jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746. "Sáfíìsì" nìkan ni mo fẹ́ kí a fi "ìtọ́jú" rọ́pò: ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, èyí tí kò tíì bàjẹ́ là ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni àfi ìgbà tó bá bàjẹ́. Fíltà, asẹ́ ni. Ẹni tó fẹ́ tú u wò dé ìsàlẹ̀ lè sọ pé ògì, nǹkan olómi, là ń sẹ́, pé èlùbọ́, nǹkan gbígbẹ, là ń jọ̀, àti pé "ajọ̀" ló yẹ kí a pe ohun tó ń gba eruku lára afẹ́fẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n asẹ́ ló ti wà lẹ́nu gbogbo ayé, n kò sì ní bá ayé jà lórí rẹ̀. Kí ẹ ṣáà máa yọ ọ́ fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

"Amúlétutù" gan-an ló ní ẹjọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Yábàá kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní yàrá ni ẹ̀rọ náà ń mú tutù, kì í ṣe ilé. Ìyẹn kò tó nǹkan, ilé gba yàrá mọ́ra lẹ́nu Yorùbá. Ẹ̀sùn rẹ̀ kejì ló wúwo. Ó ní ìtumọ̀ méjì ni "tutù" ní: omi tútù ni omi tí kò gbóná, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá tutù, omi ló rin ín, ewé tútù sì ni ewé tí kò tíì gbẹ. Ẹ̀rọ yìí ń fa omi kúrò lára afẹ́fẹ́ ni, omi tó ń kán níta, inú yàrá ló ti gbà á. Ṣé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbẹ la ó wá pè ní amúlétutù?

Mo ro ẹjọ́ náà títí, ìtàn ló bá mi dá a. Ní 1902, nígbà tí Willis Carrier ṣe ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní New York, kì í ṣe ooru ni wọ́n ní kó lé. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú kí bébà máa fẹ̀, kó máa sún kì, tí àwọ̀ orí rẹ̀ kò fi bára mu mọ́. Ọ̀rinrin náà ni wọ́n ní kó kápá. Ní 1906, Stuart Cramer, ẹni tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ òwú ṣiṣẹ́ ní North Carolina, ló sọ iṣẹ́ náà ní orúkọ tí Òyìnbó ń pè é títí dòní, omi sì ni ẹ̀rọ tirẹ̀ ń fi kún afẹ́fẹ́ kí òwú má baà máa já. Inú omi ni orúkọ Òyìnbó pàápàá ti jáde. Èdè tó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mú òtútù àti ọ̀rinrin kò ṣìnà rárá.

Ẹ tún wo bí a ṣe hun ún: a, mú, ilé, tutù. Ọnà kan náà la fi hun amúlùúdùn, orúkọ tí rédíò ìjọba àpapọ̀ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Moníyà, Ìbàdàn. Kò sí ìránpọ̀ kankan tí ń bẹ́ lára rẹ̀. "Kí ilé tutù" kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan. Àdúrà ni: kí ìjà má sí, kí àìsàn má wọlé, kí ara tu tọmọdé tàgbà. Àwọn àgbà máa ń fi bíbẹ̀ ṣàlàyé abẹ̀bẹ̀. Tòótọ́ sì ni, abẹ̀bẹ̀ àti fáànù ń bẹ ooru ni, wọn kò lé e jáde. Èyí tó ń lé e jáde ni amúlétutù. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ tún dùn mọ́ mi: ẹ̀rọ, láti inú rọ, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ irin. Yí àmì ohùn ìparí rẹ̀ padà, ó di ẹ̀rọ̀, láti inú rọ̀, ìtura. Ẹ̀rọ tó ń mú ẹ̀rọ̀ wá. Ní tèmi, ẹjọ́ parí, amúlétutù dúró.

Gáàsì ni kò gbọdọ̀ dúró. Kí la ó wá pè é? Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ń kẹ́rù: ru, gbé, kó. "Arooru" kò dùn létí. "Agbóoru" dára, ṣùgbọ́n ohun tó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan là ń gbé, ooru kò sì ní ẹyọ. Ohun tó bá pọ̀, tó bá fọ́n káàkiri, kíkó là ń kó o: a ń kó ilẹ̀, a ń kó ìkórè. "Akóoru" ni mo yàn. Ó tún ní èrè kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń kó àrùn lára ẹlòmíràn ni akóoru ṣe ń kó ooru lára yàrá. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ méjì. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé "akóoru yín ti tán", etí yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tó ń kó nǹkan kì í tán, sísá ló ń sá. Ọ̀rọ̀ jíjò yìí kọjá owó àpò mi pàápàá. Akóoru tí wọ́n ń pè ní R22 ń ba ìpele ozone jẹ́, ó wà lára ohun tí àdéhùn Montreal ti 1987 ń lé kúrò nílé ayé. R410A àti R32 tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ayé gbóná bí wọ́n bá tú jáde.

Omi tó ń kán náà ńkọ́? "Amúlétutù ń jò" là ń wí, bí ẹni pé òrùlé ni, onílé á sì máa wá ihò tí kò sí. Ìrì ni omi náà. Ìgò omi tútù tí ẹ gbé kalẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gba máa ń làágùn, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹ pè é ní omi ìrì, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí ó bá ń dà sínú yàrá, ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde ló ti dí.

Ó ku kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Àwọn kan ní "afúnpọ̀", ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dà bí ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí pátákó nìkan. Ẹwìrì ni mo fẹ́. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń tì í jáde pẹ̀lú agbára, ọwọ́ kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé ẹwìrì kì í fún nǹkan pọ̀ tó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, mo gbà. Síbẹ̀ ilé arọ kan náà ni ẹ̀rọ àti ẹwìrì ti wá. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹni tó fi ọṣẹ wá ihò, ó bi mí pé, "Dádì, ṣé ti alágbẹ̀dẹ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó yé òun, ìyẹn ló fà á tí wọn kì í fi í tan amúlétutù padà lójú ẹsẹ̀ tí iná bá dé, ẹwìrì gbọ́dọ̀ mí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ló dá lé. Àwọn tó ń gun àkàbà ní Mùṣín náà nílò tiwọn, kí ẹ̀yin olùkọ́ bá wọn jókòó, kí ẹ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lẹ́nu wọn kí ẹ tó mú gègé. Ẹ̀yin onílé ní tiyín, bí wọ́n bá tún sọ fún yín lọ́dún yìí pé gáàsì ti tán, ẹ má tíì yọ owó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Níbo ló gbà jò?"