Ààlà Orí Omi

"Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà." Bí ọ̀rọ̀ ogún bá délẹ̀, tàbí tí àbúrò ń ná owó ẹ̀gbọ́n bí ẹni ń ná tirẹ̀, òwe yìí kì í pẹ́ bọ́ lẹ́nu àgbà. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń gbọ́ ọ bí ìkìlọ̀ fún oníwọra. Ṣùgbọ́n òwe náà kò dárúkọ oníwọra rárá. Kò dárúkọ àlejò, kò dárúkọ ọ̀tá. Bàbá àti ọmọ ló pè, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan, tí ẹnikẹ́ni kò retí pé wọ́n lè du ebè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àárín wọn gan-an ni àwọn baba ńlá wa ní ká gbin pèrègún sí. Lọ́dún tí iṣu bá ta, ìfẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ààlà. Ọdún tí kò bá ta ni gbogbo èèyàn ń wá pèrègún kiri.

Lójú tèmi, kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu lónìí tó orí òkun, níbi tí pèrègún kò lè hù. Kò sẹ́ni tó ni ẹja inú omi títí àwọ̀n yóò fi kó o. Apẹja tó bá dá ọmọ ẹja padà sómi kó lè dàgbà, ta ló ṣèlérí fún un pé òun ni yóò tún bá a pàdé? Ẹlòmíì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, kálukú á tètè mú tirẹ̀. Èyí kò gba kéèyàn jẹ́ ìkà. Owó ilé ìwé ọmọ nìkan ti tó láti mú un ṣe é. Àjọ FAO, tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ti ń ṣírò ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ní 1974, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 àwọn ọ̀wọ́ ẹja òkun tí wọ́n ń tọ́pa ni wọ́n ń pa ní àpajù, nígbà tó di 2021, ó ti di ìdá 37.7.

Nàìjíríà náà ti gbìyànjú láti pààlà. Òfin ẹja òkun ti 1992 ní kí tírọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, má ṣe pẹja láàárín máìlì orí òkun márùn-ún àkọ́kọ́ sí etí ilẹ̀, ìyẹn bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ibẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kékeré: Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó, Ẹ̀gùn ní Àgbádárìgì, títí lọ dé Calabar. Kì í ṣe àánú nìkan ló fà á. Ibi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀, lẹ́nu odò àti láàárín gbòǹgbò àwọn igi inú ẹrẹ̀, ni ọmọ edé àti ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja ti ń dàgbà kí wọ́n tó bọ́ sí agbami. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé edé yìí kan náà ló ń fa tírọ́là wá sétí ilẹ̀, torí edé ló ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ọkọ̀ á paná lóru, á kọjá ààlà, á sì wọ́ àwọ̀n ọlọ́kọ̀ kékeré mọ́ tirẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, orí ìwé ni máìlì márùn-ún wà.

Ààlà kejì wà lára àwọ̀n fúnra rẹ̀. Ojú àwọ̀n ló ń pààlà sáàárín ẹja tó ti bímọ rí àti èyí tí kò tíì bí. Ìlànà Nàìjíríà ní kí ojú ìdí àwọ̀n tírọ́là tó ń pa ẹja má kéré ju mílímítà 76, ti edé kó má kéré ju 44. Bí wọ́n bá wá fi ti edé wọ́ ilẹ̀ omi, ọmọ òbòkún àti ọmọ ẹja mìíràn tó bá edé wọlé kì í rọ́nà jáde. Nígbà mìíràn, òkú wọn ni wọ́n máa ń dà padà sókun. Kí ọlọ́kọ̀ kékeré má sì rò pé ọwọ́ òun mọ́. Ẹni tó ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wọ́ ọ̀sà ń jẹ ti ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń da Gammalin 20, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú oko kòkó, sódò. Ẹja á léfòó, wọ́n á yan án, àwa náà á sì rà á lọ́jà.

Bí ẹja bá wọ́n, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àjèjì ló kó ẹja wa lọ. Kì í ṣe irọ́: ọkọ̀ òkèèrè tó ń pẹja láìgbàṣẹ pọ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ ẹni tó bá ti ka òwe wa dáadáa yóò mọ̀ pé lílé àjèjì lọ kò tíì kan ọ̀ràn tí òwe ń sọ. Kánádà ti kọ́ wa ní èyí. Ní 1497, nígbà tí atukọ̀ John Cabot dé Newfoundland, tó di ara Kánádà lónìí, ìròyìn tó dé Yúróòpù ni pé apẹ̀rẹ̀ lásán lèèyàn lè fi bu ẹja kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí wọ́n fi ń pa á. Nígbà tí tírọ́là ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ jù, tí iye tí wọ́n pa ní 1968 sì tó nǹkan bí 800,000 tọ́ọ̀nù, Kánádà na ààlà rẹ̀ dé 200 máìlì ní 1977, ó sì lé àlejò jáde. Inú ará ilé dùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó tírọ́là tiwọn sójú omi kan náà. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré etíkun ń pariwo pé ẹja ń kéré, pé ó ń ṣọ̀wọ́n. Àwọn onímọ̀ ìjọba ní ó ń pọ̀ sí i ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje 1992, ọdún kan náà tí Nàìjíríà ṣòfin tirẹ̀, mínísítà Kánádà, John Crosbie, ti ibi ìpẹja náà pa. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló pàdánù iṣẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n ní àwọn máa fi tì í. 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí fún òwò.

Ẹ̀yà ẹja yìí kan náà, kọ́ọ̀dù, ni pańla gbígbẹ tó máa ń le bí igi kí a tó rẹ ẹ́, èyí tó ń wá láti Lofoten ní Norway. Níbẹ̀, òfin 1897 gbé àṣẹ lé àwọn apẹja fúnra wọn lọ́wọ́: àwọn ló ń pinnu apá ibi tí oníwọ̀ yóò wà, apá ibi tí alá­wọ̀n yóò wà, alábòójútó sì ń rí sí i. Ní 1987, Norway tún fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da kọ́ọ̀dù tó ti pa padà sókun. Norway àti Rọ́ṣíà, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ra wọn yé lónìí, ṣì ń jókòó lọ́dọọdún láti pín ẹja Òkun Barents. Èmi ò ní kí a sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpín 2025, òun ló kéré jù lọ láti 1991, torí ẹja ti dín kù. Ṣùgbọ́n nígbà tó dín kù, wọ́n rí ohun tí wọ́n lè gé.

Irú àwọn ìlú apẹja báyìí ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, Elinor Ostrom, ṣe ìwádìí lé lórí. Onímọ̀ mìíràn, Garrett Hardin, ti kọ ọ́ ní 1968 pé ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, ìparun ló ń lọ. Ostrom ní ó dọwọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1990, ó to àwọn nǹkan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó rí i ṣe jọ. Èyí tó kọ́kọ́ kọ ni pé kí ààlà hàn kedere. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

Ààlà tún lè jẹ́ ti ọjọ́. Àwọn Gá ní Ghana kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èèwọ̀ ni. Nígbà tí ìjọba wọn wá ti òkun pa fún ọlọ́kọ̀ kékeré láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà 2019, kí ẹja lè bímọ, ariwo pọ̀, torí ebi kì í dúró de oṣù kan. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ ti oko pa, kó ronú ohun tí olóko yóò jẹ.

Ṣé ẹni tó ń ra ẹja lè pààlà? Ó lè ṣe é tó bá lówó lọ́wọ́. Òfin Amẹ́ríkà ti 1989 ni kò jẹ́ kí wọ́n ra edé lọ́wọ́ ọkọ̀ tí àwọ̀n rẹ̀ kò ní ihò tí ìjàpá òkun lè gbà jáde, ìdí sì nìyẹn tí tírọ́là edé ti Nàìjíríà fi ní láti gbé e sí tiwọn. Ní 1997, ilé iṣẹ́ Unilever àti WWF, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, dá àjọ MSC sílẹ̀, tí àmì búlúù rẹ̀ ń sọ fún ọmọ Yorùbá tó ń ra ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù pé ibi tí wọ́n ti pa á ṣì ní ẹja tó ń bímọ. Àmì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ṣawá wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí iye tí ìyá ẹlẹ́ja lè san tí yóò fi dé ibẹ̀. Tiwa ni kí a kọ ọmọ ẹja tí kò tíì tó jẹ, kí a sì bi ìyá ẹlẹ́ja léèrè odò tí ẹja ti wá.

Titus ńkọ́? Ní 2019, ẹja mákẹ́rẹ́ẹ̀lì apá àríwá ìlà-oòrùn Àtìláńtíìkì, tí a mọ̀ sí titus, pàdánù àmì búlúù náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó jọ ń pa á, Norway, Iceland, Ìlú Ọba, Erékùṣù Faroe àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), kò lè jọ fẹnu kò lórí ìpín. Kálukú bu èyí tó wù ú, àpapọ̀ rẹ̀ sì ju ohun tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí lọ. Bí páálí titus bá tún gbówó lórí ní Oyíngbò, ìyá ẹlẹ́ja á ní dọ́là ni. Kò parọ́, àmọ́ dọ́là nìkan kọ́.